Yunifásítì Wo Ni Kí Ọmọ Tí Ó Ti Òkè Òkun Bọ̀ Lọ?

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé jinlẹ̀ ní láti dágbére fún ilé. Ní 1827, Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Nígbà tí Herbert Macaulay fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó lọ ní 1890, ó sì padà dé Èkó ní 1893. Kódà lẹ́yìn tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n ni àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ gbà. Ilé ni a ti ń lọ, òkè òkun ni oyè ti ń wá, ilé ni a sì ń fi oyè náà ṣiṣẹ́ sí.

Lónìí, a ń rí ohun tí ojú àwọn àgbà wọ̀nyí kò rí. Ọmọ tí a bí sí Peckham tàbí Houston, tí ó ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama níbẹ̀, ni àwọn òbí rẹ̀ ń wá yunifásítì fún ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí. Bí wọ́n bá wálé fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bá wa sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé Ìbàdàn ni tàbí Ifẹ̀, ṣé ti ìjọba ni tàbí ti ìjọ? Èsì tí ènìyàn lè fọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn kò lè kún tó. Nítorí náà ni a fi fẹ́ sọ èrò wa síbí, nínú ìwé àjọ̀dún tí tàgbà tèwe yóò kà.

Ìdí tí àwọn ọmọ fi ń padà kò pọ̀. Owó ni àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ẹ̀kọ́ ọdún kan fún ọmọ onílé di 9,535 pọ́n-ùn ní 2025. Ọmọ tí ìwé ìgbélùú òbí rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ ni a sábà máa ń kà sí àlejò, owó tirẹ̀ a sì lé sí i gidigidi, ìbáà ṣe pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ a-b-d. Ìdí kejì ni pé àwọn òbí kan fẹ́ kí ọmọ mọ ilé, kí ó mọ ẹbí, kí ó sì gbọ́ èdè. Ìdí kẹta ni a kì í fẹ́ sọ síta, òun náà ni ẹ̀rù. Òbí rí i pé ọmọ ń bá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ rìn, ó gbọ́ ìròyìn ọ̀bẹ ní àdúgbò, ó sì pinnu pé Nàìjíríà ni yóò tún un ṣe.

Lórí ìdí kẹta yìí ni a kò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Yunifásítì kì í ṣe ilé àtúnṣe. Olùkọ́ tí a gbà láti kọ́ni ní kẹ́mísírì kò gba owó àtiṣọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn òbí wà tí wọ́n sọ fún ọmọ pé ìsinmi Kérésìmesì ni wọ́n ń bọ̀ wá lò, tí ọmọ náà kò mọ̀ pé a ti san owó ilé-ìwé sílẹ̀ dè é, títí bàbá fi padà sí Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú ìwé ìrìnnà ọmọ nínú àpò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í kàwé, ọjọ́ ni ó máa ń kà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, orúkọ yunifásítì tí a yàn kò já mọ́ nǹkan kan, ìbáà jẹ́ èyí tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìwádìí ni kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó, kí a sọ ìdí tí a fi fẹ́ kí ó wálé fún un láìfi bò, kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé Ifẹ̀. Ó sì yẹ kí a fi yan yunifásítì Ifẹ̀ náà, tàbí òmíràn.

Bí a bá ti fohùn ṣọ̀kan, ó kan ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni ọdún àwọn ọmọ ti ń ṣòfò jù lọ. Ọ̀nà méjì gbòógì ni ó wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, JAMB ni ó sì dúró ní ẹnu méjèèjì. Èkíní ni ìdánwò UTME: iṣẹ́ mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan nínú wọn, máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni a sì ti ń ṣe é. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí, ọdún kìíní ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni Direct Entry, tí ó wà fún ẹni tí ó ti ní A Level tàbí ìwé-ẹ̀rí tí ó bá a dọ́gba. Ọdún kejì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọlé sí. Ní ọ̀nà méjèèjì, wọn yóò béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún ní ìpele ìwé mẹ́wàá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀, ìṣirò náà kò sì ṣeé fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́.

GCSE tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wúlò fún èyí. Ṣùgbọ́n láti 2017 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà, láti 9 wá sí 1, rọ́pò lẹ́tà. Akọ̀wé tí ojú rẹ̀ ti mọ́ A, B àti C lè wo 5 kí ó rò pé ọmọ náà kò ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ 4 ti tó C àtijọ́. Ẹ gba àlàyé lórí èyí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, kí ó wà nínú fáìlì, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ti Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ gbà nígbà tí ó jáde ní high school, bí máàkì inú rẹ̀ ti wù kí ó dára tó, kò dà bí ìdánwò WAEC tí àjọ kan láti ìta ń ṣe fún gbogbo ọmọ, ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kì í sì í gbà á ní òun nìkan. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe WAEC tàbí NECO. Àwọn méjèèjì ni ó ní ìdánwò fún ẹni tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan mọ́.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Ìforúkọsílẹ̀ UTME máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìdánwò fúnra rẹ̀ a sì bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ọmọ tí ó parí GCSE ní oṣù kẹfà, tí ó sì wálé ní oṣù kẹjọ, ti pẹ́ fún ti ọdún náà. Orúkọ náà tún ń kó bá àwọn ènìyàn. JAMB kì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Bí ìwé ìrìnnà bá pe ọmọ ní Temi, tí ìwé-ẹ̀rí ìdánwò pè é ní Tèmítọ́pẹ́, tí NIN sì tún fi orúkọ ìyá-bàbá rẹ̀ kún un, ẹ̀yin àti agbẹjọ́rò ni ẹ óò jọ máa lọ sí kóòtù fún ìwé ìbúra. Ẹ mú kí orúkọ dọ́gba láti òkè òkun wá.

Èrò tiwa ni pé bí agbára bá ká a, kí ọmọ parí A Level níbi tí ó wà kí ó tó wálé. Àǹfààní àkọ́kọ́ ni pé yóò jèrè ọdún kan nítorí Direct Entry. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ilẹ̀kùn méjì ni yóò wà ní ṣíṣí fún un. Bí ilé kò bá bá a lára mu, A Level kan náà lè mú un wọ yunifásítì lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún 16 tí ó fi GCSE nìkan wálé kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí ó bá sì di dandan kí ó wá ní ọdún 16, tí í ṣe ọjọ́ orí tí JAMB fi lélẹ̀, ó ṣì lè ka A Level nílé, tàbí kí ó ṣe JUPEB tí a dá sílẹ̀ ní 2014, ètò ọdún kan tí ó ń mú ni wọ ọdún kejì. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ni ó ń gba JUPEB o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ẹ ní lọ́kàn kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà gbọ́ nínú ìjíròrò báyìí, ó sì yẹ kí ó kó ìrònú bá òbí. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti máa gbé Ìlú Ọba títí, ṣùgbọ́n tí kò tíì di ọmọ onílùú, lè pàdánù àṣẹ náà bí ó bá kúrò níbẹ̀ ju ọdún méjì lọ láìpadà. Ti Amẹ́ríkà tún yára ju èyí lọ: ẹni tí ó ní green card tí ó dúró sí ìta ju ọdún kan lọ láìgba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé sílẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Àní ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ onílùú pátápátá lè dé Lọ́ńdọ̀n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin láti kàwé síwájú sí i, kí wọ́n ní kí ó san owó àlejò, nítorí wọn a máa béèrè ibi tí ó gbé fún ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú. Àwa kò sọ pé kí èyí dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wálé. A kàn ń sọ pé owó tí a rò pé a fi pamọ́ lónìí lè tún jáde lọ́la. Ẹ bá agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọlé-wọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó wá kan ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn: ti ìjọba ni tàbí ti ìjọ? Láti 1999, tí ìjọba fún Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ àti àwọn méjì mìíràn ní àṣẹ, ni àwọn ìjọ ti ń dá yunifásítì sílẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Bowen ní Ìwó. Ìjọ Áńgílíkà ní Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, Mẹ́tọ́díìsì ní Wesley ní Oǹdó, Covenant wà ní Ọ̀tà, Redeemer's wà ní Ẹdẹ, yunifásítì tí a fi orúkọ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá pè sì wà ní Ìkéjì-Arákejì. Ẹ̀rí rere kan wà tí a kò lè fi dù wọ́n: ọdún mẹ́rin níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ní ti ìjọba, àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kejìlá ní 2020. Wọ́n tún yan iṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ní 2022. Ọmọ tí ó dá wálé, tí bàbá àti ìyá wà lókè òkun, kí ni yóò máa ṣe fún oṣù mẹ́jọ gbáko? Òbí tí ó bá tìtorí èyí yan yunifásítì aládàáni, tí ó sì lágbára àtisan owó rẹ̀, kò ṣe ohun tí a lè bá a wí sí.

Ohun tí àwa kò fara mọ́ ni ìdí mìíràn tí a máa ń gbọ́, pàápàá láàárín àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. A máa ń sọ pé ti ìjọ ni a fẹ́ nítorí wọn yóò "ká ọmọ lọ́wọ́ kò". A rántí agogo òwúrọ̀ àti ìsìn alẹ́ tí ó sọ wá di ènìyàn, a sì rò pé irú rẹ̀ ni yóò sọ ọmọ wa náà di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 11, 12 ni wá nígbà náà. Ọmọ tí ó ti ń dá wọ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀n láti ìgbà tí ó ti wọ girama, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, tí ó ti dìbò, tí a wá sọ fún ní ọmọ ọdún 19 pé kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu géètì láìgba ìwé, tàbí pé irú fóònù báyìí kò gbọdọ̀ wọlé, lè fara mọ́ ọn bí ó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ìjọ ni yóò bínú sí. A ti rí ọmọ tí ó kọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nítorí ọgbà yunifásítì, kì í ṣe nítorí Jésù. Ẹ gba ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ọmọ kà á tinú tẹ̀yìn, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú fúnra rẹ̀.

Ní tiwa, bí ọmọ bá ní ìfaradà, tí ẹbí sì wà nítòsí, a kò ní bẹ̀rù láti rán an lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó. Ibẹ̀ ni yóò ti bá ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Kánò àti ọmọ Calabar jókòó nínú kíláàsì kan náà, tí ọmọ aláṣọ-títà àti ọmọ adájọ́ yóò jọ máa tò fún omi. Bí ó bá jẹ́ pé kí ó mọ Nàìjíríà ni a ṣe mú un wálé, ibẹ̀ ni Nàìjíríà wà. Ẹ má sì gbàgbé ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀. Wọn yóò béèrè ìpínlẹ̀ tí ó ti wá, "Peckham" kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì ju orúkọ yunifásítì lọ. NUC, àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, kì í fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní odindi kí ó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó ń yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tún ní àṣẹ tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn ní iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ òfin. Yunifásítì tí ó bá gbà ju iye yìí lọ, àwọn ọmọ ni ìyà ń jẹ, wọn a gboyè tán, wọn a sì máa dúró de àyè ní Nigerian Law School. Ẹ béèrè iye náà ní tààrà. Bí ọmọ bá fẹ́ ka ìṣègùn, ọdún mẹ́fà ni, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé bí ó bá fẹ́ padà lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, bí wọ́n tilẹ̀ bí i sí ilé ìwòsàn tí ó fẹ́ ti ṣiṣẹ́ náà, ìdánwò àwọn oníṣègùn tí ó kàwé lókèèrè ni yóò ṣe bíi ti ẹnikẹ́ni. Ibi tí a ti kàwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tí a bí ni sí.

Ẹ lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ojú ara yín nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, nígbà tí wọ́n ti kun gbogbo òkúta ní ọ̀dà funfun. Ẹ wọ ilé ìkàwé. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta léèrè ìgbà tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò tí ó kọjá, àti wákàtí tí iná fi ń wà. Ìdáhùn méjì yìí tó ìwé ìpolówó mẹ́wàá.

Ó ku bí wọn yóò ti gbà á. Ààfin Fáráò ni wọ́n ti tọ́ Mósè, nígbà tí ó sì jáde tọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ara fu wọ́n sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn ọmọ wa. Wọn a pè é ní ajẹbọ́tà nítorí ohùn rẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́ sókè tí ó ní "n kò gbà bẹ́ẹ̀, sà", bí a ti kọ́ ọ láti ṣe níbi tí ó ti wá, olùkọ́ kan lè kà á sí àfojúdi. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí akọ̀wé tó wo fáìlì òun. Gbogbo èyí ni ènìyàn lè kọ́ ní oṣù mẹ́ta bí ẹnì kan bá wà tí yóò máa ṣàlàyé fún un láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá sí, ọdún kìíní a di ọdún ẹkún, ó sì lè má sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa lè wúlò ju bí a ti ń wúlò lọ. A ní ènìyàn ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Ọ̀tà, ní Adó-Èkìtì; àwọn kan ń kọ́ni nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí gan-an. A dábàá pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò jẹ́ alágbàtọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú wọn: ẹni tí ọmọ lè lọ jẹun nílé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tí ó lè bá a dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì lè pe òbí ní òru bí ara ọmọ kò bá yá. Kò ní ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Kí àwọn ẹ̀ka fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé àgbà ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò, kí a lè ní ìwé àwọn alágbàtọ́ náà lọ́wọ́ kí ìforúkọsílẹ̀ UTME tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.